Kì í ṣe Ẹ̀bẹ̀, Ẹ̀tọ́ Ni: Ohun tí Iṣẹ́ Dókítà Beko Ransome-Kuti Ń Kọ́ Wa Nípa Ìlera Ará Ìlú

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Òwe yìí ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pa á láìronú jinlẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò dáhùn: ta ni ó yẹ kí ó pèsè ìlera fún mẹ̀kúnnù, ta ni ó sì lè béèrè fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́, tí kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ìtọrẹ àánú? Ìbéèrè yìí ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkọ̀ gbá ọlọ́kadà kan ní àdúgbò wa ní Ìpájà. Àwọn ará àdúgbò gbé e dìde, wọ́n sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan tí kò jìnnà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe ibi tí ó ti ń dùn ún, bí kò ṣe iye owó tí ó wà lọ́wọ́ wa. Gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀, olùkọ́, aránṣọ, ìyálọ́jà àti àwọn ọ̀dọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ó kúnlẹ̀ kúnlẹ̀, ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ dọ̀bálẹ̀, a fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n. Nígbẹ̀yìn, a dáwó jọ, wọ́n sì gbà á wọlé. Ọkùnrin náà kò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan kò kúrò lọ́kàn wa láti ọjọ́ náà wá. Nínú gbogbo wa tí a pé jọ sẹ́nu ọ̀nà náà, kò sí ẹnì kan tí ó sọ pé òfin wà. Òfin sì wà. Abala 20 nínú òfin ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé dókítà, òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ìdí yòówù kí ó jẹ́. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ ọkùnrin náà ni a ń fi ìkúnlẹ̀ tọrọ.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ẹni tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ẹni tí ó ń jà fún ìlera ará ìlú, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pín in sí méjì: wọ́n ní kí dókítà gbájú mọ́ oògùn rẹ̀, kí ajàfẹ́tọ̀ọ́ sì gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú rẹ̀. Ìgbésí ayé Dókítà Beko Ransome-Kuti fi hàn pé ìpín náà kò tọ̀nà. Òun ni a ó gbé yẹ̀wò.

Ilé tí ó ti jáde

Ìlú Abẹ́òkúta ni a ti bí Beko ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹjọ, ọdún 1940. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Ransome-Kuti, ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama ti Abẹ́òkúta, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà tí a dá sílẹ̀ ní 1931. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ni ó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti kọ owó orí tí ìjọba amúnisìn ń gbà lọ́wọ́ wọn, títí tí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní 1949. Ẹni tí a bí sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ti gbọ́ ohùn àwọn obìnrin ọlọ́jà tí ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn kí ó tó mọ ohun tí a ń pè ní òfin.

Beko kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní yunifásítì Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà wálé ní àwọn ọdún 1960. Kò lọ ṣí ilé ìwòsàn rẹ̀ sí àárín àwọn ọlọ́lá. Ìdí-Òrò, lójú ọ̀nà Agége, ni ó ti ń tọ́jú àwọn ará Muṣin, nínú ọgbà kan náà tí Fẹlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ olórin, ń gbé. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kejì, ọdún 1977, àwọn sójà ya wọ ọgbà náà. Wọ́n lu àwọn tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n ju ìyá wọn láti ojú fèrèsé, wọ́n sì dáná sun ilé. Ilé ìwòsàn Beko bá iná náà lọ. Ìyá náà kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà ní sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni ó dáná sun ilé.

Ohun tí ó bá ojú ni ó bá imú. Dókítà tí ó bá rí i bí wọ́n ti sun bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn rẹ̀, tí a sì sọ fún un pé kò sí ẹni tí ó ṣe é, ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí a kì í kọ́ ní yunifásítì. Ó ti rí i pé níbi tí òfin kò bá ti dáàbò bo ara ènìyàn lọ́wọ́ kóńdó, oògùn nìkan kò lè dáàbò bò ó lọ́wọ́ àìsàn.

Dókítà tí ó ṣáájú ìyanṣẹ́lódì

Ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1983, àwọn ológun gba ìjọba. Sani Abacha, tí ó jẹ́ bìrìgédíà nígbà náà, ni ó ka ọ̀rọ̀ wọn lórí rédíò. Ọ̀kan lára ẹ̀sùn tí ó fi kan ìjọba alágbádá ni pé àwọn ilé ìwòsàn wa ti di ibi tí dókítà kàn ti ń yẹ aláìsàn wò lásán, tí kò sí oògùn, tí kò sí omi, tí kò sì sí irinṣẹ́. Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n oṣù ń gorí oṣù, oògùn náà kò dé.

Ní àkókò yìí, Beko wà lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn dókítà Nàìjíríà. Ó sì ti ṣe alága ẹ̀ka wọn ní Èkó. Ohun tí àwọn dókítà ń béèrè kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ológun fúnra wọn ti kà lórí rédíò: oògùn, omi, irinṣẹ́. Láàárín 1984 sí 1985, wọ́n gùn lé ìyanṣẹ́lódì. Kí ni èsì ìjọba? Wọ́n fi òfin de ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì ti Beko mọ́lé.

A mọ̀ pé ibí ni àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé yóò ti fẹ́ bá wa jiyàn. Wọn yóò ní: báwo ni ẹni tí ó pe dókítà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ṣe lè jẹ́ olùgbèjà ìlera? Ìbéèrè gidi ni. Aláìsàn tí ó dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì kò dá sí ìjà náà, òun sì ni ìyà rẹ̀ kọ́kọ́ ń jẹ. Àwa kò fara mọ́ ọn pé gbogbo ìyanṣẹ́lódì dókítà ni ó tọ́. Bí abẹ ni ó rí: a lè fi ṣí eéwo, a sì lè fi gún ènìyàn pa. Ohun tí ó yẹ kí a wò ni ẹni tí ẹrù ìjà náà wà fún. Bí dókítà bá dúró síbi iṣẹ́ níbi tí kò sí oògùn, tí ó ń kọ ìwé oògùn fún ẹni tí kò lè rà á, tí ó sì ń dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ náà ń pa ènìyàn. A kàn kì í ka òkú rẹ̀ ni. Ohun tí Beko àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ni pé wọ́n fi ikú tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní kọ̀rọ̀ han gbogbo ayé. Ìyẹn náà jẹ́ ara iṣẹ́ ìṣègùn.

Ẹ̀gbọ́n nínú ìjọba, àbúrò níta

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1985, àwọn ológun mìíràn gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn ti àkọ́kọ́. Ìjọba Ibrahim Babangida tú Beko sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, ṣe mínísítà fún ètò ìlera. Onímọ̀ nípa ìtọ́jú àwọn ọmọdé ni Olíkóyè, ó sì ti ń kọ́ àwọn dókítà ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà tipẹ́ kí ìjọba tó pè é.

Iṣẹ́ tí Olíkóyè ṣe kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ó gbà pé ilé ìwòsàn ńláńlá ní àárín ìlú kọ́ ni yóò gba ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń yọ lẹ́nu ní abúlé, bí kò ṣe ìlera alábọ́ọ́dé tí ó sún mọ́ ilé. Ó gbé ètò náà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ó polongo abẹ́rẹ́ àjẹsára, omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru, àti fífún ọmọ ní ọmú ìyá. Lábẹ́ rẹ̀ ni orílẹ̀-èdè yìí ṣe ìlànà ètò ìlera ti 1988. Ìyá tí ó bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé ní Ìpájà, Ayọ̀bọ́ tàbí Ẹgbẹ́dá lónìí, ojú ọ̀nà tí Olíkóyè là ni ó ń tọ̀, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Síbẹ̀, ìjọba kan náà tí ó fi ẹ̀gbọ́n ṣe mínísítà kò fi àbúrò lọ́rùn sílẹ̀. Beko wà lára àwọn tí ó dá ìgbìmọ̀ tí ń gbèjà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sílẹ̀ ní 1989, ó sì di alága àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tí ń jà fún ìjọba àwaarawa ní 1991. Ní 1992, ìjọba gbé òun àti Gani Fawehinmi, Femi Falana àti àwọn mìíràn lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje.

Àwọn kan ti máa ń fi àwọn méjèèjì wéra, pé èwo ni ó ṣe iṣẹ́ jù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹni tí ó wà nínú ìjọba ni ó lè kọ ìlànà, kí ó sì pín owó. Ẹni tí ó wà níta ni ó lè sọ pé owó náà kò dé ibi tí a ní kí ó dé. Ìlànà tí kò bá ní ẹni tí yóò béèrè rẹ̀ yóò di ìwé lásán. Ariwo tí kò bá sì ní ìlànà níwájú yóò di afẹ́fẹ́. Ilé kan ṣoṣo ni ọwọ́ méjèèjì ti jáde, èyí ni kò sì jẹ́ kí a lè gbà pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Olíkóyè pàápàá fi èyí hàn ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹjọ, ọdún 1997, nígbà tí ó kéde fún gbogbo ayé pé éèdì ni ó pa Fẹlá, àbúrò rẹ̀ tí ó kú ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ẹbí ń fi àrùn náà pamọ́ nítorí ìtìjú, òun fi orúkọ ilé rẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́ fún ará ìlú.

Ọdún 1995

Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀ sí ọdún 1995, nítorí ohun méjì ṣẹlẹ̀ nínú ọdún náà tí a rí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Èkínní ni pé ìjọba Abacha, ẹni kan náà tí ó ti sọkún àìsí oògùn lórí rédíò, gbé Beko lọ síwájú ìgbìmọ̀ ológun tí ó ń gbẹ́jọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ó ran àwọn tí ó fẹ́ gba ìjọba lọ́wọ́. Ohun tí ó sì wà nídìí rẹ̀ ni pé ó jẹ́ kí ayé gbọ́ àwíjàre ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń jẹ́jọ́. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un, wọ́n sì sọ ọ́ di ọdún 15 nígbà tí ayé pariwo. Kò jáde títí Abacha fi kú ní oṣù Kẹfà ọdún 1998.

Èkejì kò ní ariwo rárá. Ní ọdún yìí kan náà, nọ́ọ̀sì kan ní Èkó pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn aládàáni tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀, wọ́n ní kòkòrò apa-sójà-ara wà nínú rẹ̀. Ó gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní 2001, adájọ́ kan ní kò gbọdọ̀ wọ yàrá ìgbẹ́jọ́ kí ó má baà kó àrùn ran àwọn tí ó wà níbẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú kò fi í sílẹ̀. Ní 2012 ni ilé ẹjọ́ gíga ti Èkó tó dá a láre, wọ́n sì ní kí a san mílíọ̀nù 7 náírà fún un. Ọdún 17 ni ó gbà. Ní 2014, òfin tí ó ka yíya ẹni tí ó ní kòkòrò náà sọ́tọ̀ léèwọ̀ wá jáde.

Bí a bá wo ọ̀rọ̀ méjèèjì, a ó rí i pé okùn kan ni ó so wọ́n pọ̀. Ọ̀kan wà nínú ẹ̀wọ̀n nítorí ó ní kí a gbọ́ ti ẹni tí ó ń jẹ́jọ́. Èkejì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹjọ́, wọ́n ní kí ó má wọlé wá sọ tirẹ̀. Ìlú tí kò bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnu aráàlú kò lè gbọ́ igbe aláìsàn.

Kí ni ó kan Ìpájà?

Beko kú ní ọjọ́ 10, oṣù Kejì, ọdún 2006. Nínú ọdún yẹn náà ni a ka àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè yìí. Ètò ìkànìyàn náà ka 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ Alimọ́ṣọ́ nìkan. Ẹni tí ó bá ti dúró ní Ìyànà Ìpájà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kò nílò kí a sọ fún un pé wọ́n ti pọ̀ sí i. Ilé ìwòsàn gbogboògbò wà ní Ìgándò, àwọn ilé ìlera alábọ́ọ́dé sì wà káàkiri, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn aládàáni ni ọ̀pọ̀ ará àdúgbò ń sá tọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú.

Òfin tí ó dáàbò bo ọlọ́kadà wa lórí ìwé kò ṣàdédé wà. Ọdún 2004 ni a kọ́kọ́ gbé àbá rẹ̀ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin; wọ́n buwọ́ lù ú ní 2011, ààrẹ kò fọwọ́ sí i; a tún un gbé lọ, ó sì di òfin ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014. Àwọn tí wọ́n ń tì í lẹ́yìn fún ọdún mẹ́wàá náà, iṣẹ́ Beko àti Olíkóyè ni wọ́n ń bá lọ. Ẹni tí ó bá rú abala 20 lè san ₦100,000, tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì.

A gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn onílé ìwòsàn náà. Wọn yóò béèrè pé: bí a bá tọ́jú ẹni tí kò lówó, ta ni yóò san owó oògùn? Òfin náà dáhùn. Ó ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́ọ́dé, kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn sì wà fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Nítorí náà, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn nìkan ni ó yẹ kí a ti béèrè ẹ̀tọ́ wa. Ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn bí ó ṣe ń rìn, àti ibi tí ó dúró sí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn aláìní nìkan ni. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrù-hẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tí a kò wò ní yàrá kan ní Ayọ̀bọ́ yóò wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Ọ̀ṣòdì ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìkádìí

Ọgbà ìgbafẹ́ kan wà ní Anthony ní Èkó tí a fi orúkọ Beko pè. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní ìrántí mìíràn tí a lè ṣe fún un, èyí tí kò sí ẹni tí ó lè ṣe é dáadáa jù wá lọ. Ní alẹ́ tí a ń wí yìí, èdè Yorùbá ni a fi bẹ̀bẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ òfin tí ì bá gbà wá. Òfin kò lè sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Àbá wa nìyí. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ ń wá orí ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ìparí ẹ̀kọ́ mú abala òfin ìlera kan, kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tí ìyálọ́jà yóò gbọ́, kí ẹ sì gbé e lọ kà fún un láti mọ̀ bóyá ó gbọ́ ọ lóòótọ́. Kí a fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò fún ìtọ́jú pàjáwìrì, fún ìyọ̀ǹda aláìsàn, fún àṣírí aláìsàn, kí ó má baà jẹ́ pé bí ó ti wu kálukú ni yóò máa pè wọ́n. Kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ibùdókọ̀. Kí ẹni tí ó bá lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ fi ìgbésí ayé Beko àti Olíkóyè kún àwọn ìtàn tí yóò sọ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n mọ̀ pé akọni kì í ṣe ẹni tí ó gbé idà nìkan.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọkọ̀ bá tún gbá ẹnìkan ní Ìpájà lálẹ́ ọ̀la, tí a sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ìfẹ́ wa ni pé kí ó kéré tán ẹnì kan wà láàárín èrò tí yóò dìde lórí ìkúnlẹ̀, tí yóò fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé: "Ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà á wọlé. Òfin ni."